Ẹ̀jẹ̀ Tí Wọ́n Fà Lára Mi Lórúkọ Àbúrò Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ní orúkọ mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ ti há mi lọ́fun, kò ṣeé gbé mì, kò ṣeé tu dànù. Ẹ̀jẹ̀ tí dókítà ń yẹ̀ wò fún ọ̀pọ̀ oṣù kí ó tó mọ oògùn tí yóò fún àbúrò mi, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi. Tèmi ni.

Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, dókítà náà fẹ́ béèrè ohun kan lọ́wọ́ wa, èmi àti àbúrò mi nìkan la sì mọ ìdáhùn rẹ̀. Mo ń sọ ọ́ pẹ̀lú nítorí pé inú ń bí mi. Ẹ má rò pé onírẹ̀lẹ̀ ló ń kọ̀wé sí yín. Inú ń bí mi sí ọmọ ìyá mi, tí mo pọ̀n, tí mo bọ́ lóúnjẹ, débi pé mi ò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ sétí.

Ajue ni mo ń gbé. Mo ní ẹbu epo níbẹ̀, a ń se ẹyìn, a ń fún epo. Ẹ jẹ́ kí a máa pe àbúrò mi ní Dúpẹ́, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an. Olùkọ́ ni ní Òrè. Ọkọ rẹ̀ ń ta páàtì mọ́tò nítòsí ìkòríta. Bàbá Ìfẹ́ ni mo ń pe ọkọ náà báyìí, torí Ìfẹ́ ni a sọ ọmọ tí wọ́n bí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, kò sí Ìfẹ́ kankan nílẹ̀.

Kí a tó mọ ohun tó ń ṣe Dúpẹ́, ojú wa rí nǹkan. Oríkèé rẹ̀ á wú, irun rẹ̀ á máa já, bí oòrùn bá sì pa á, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì á pọ́n bí ẹni tó fi epo kun ojú. Àwọn kan ní ibà ni. Àwọn kan ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló bàjẹ́. Ìyá wa ní ogun ilé ọkọ ni. Dókítà kan ní ìlú ńlá ló wá sọ fún wa pé lúpọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é.

Ó ní àwọn ọ̀dẹ wà nínú ara ènìyàn tó ń ṣọ́ ilé kí àrùn má bàa wọlé. Ti Dúpẹ́ ti kọjú ìbọn sí onílé. Mo ní, "Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ ló wà." Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ó ní kò sí bí a ṣe lè fi ojú lásán mọ̀ bóyá àwọn ọ̀dẹ yìí sùn tàbí wọ́n ń jà, àfi nínú ẹ̀jẹ̀. Ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń lọ sókè bí ìjà bá le. Òmíràn wà tó máa ń lọ sílẹ̀, torí pé ìjà náà ti ná an tán. "Ara lè máa rẹ́rìn-ín," ó ní, "kí ẹ̀jẹ̀ máa sunkún. Ẹ̀jẹ̀ ni èmi máa ń gbọ́ tirẹ̀."

Dúpẹ́ fẹ́ bímọ. Èyí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà, ẹ má jẹ́ kí n fà á gùn. Dókítà ní kò burú, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dákẹ́ fún bí oṣù mẹ́fà, kí wọ́n tó yí àwọn oògùn rẹ̀ padà kí ó lè lóyún. Bí ó bá lóyún nígbà tí ìjà ń lọ lọ́wọ́, kíndìnrín rẹ̀ lè bá a lọ. Ọkọ rẹ̀ gbà. Níṣojú mi ló sọ ọ́. Ó ní, "Dúpẹ́, ìwọ ni mo gbé níyàwó. Mi ò fẹ́ ọmọ tí yóò gba ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Bí dókítà ò bá ní ó yá, kò tíì yá." Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yìí, torí ó ń dùn mí títí di òní.

Òrè ni wọ́n ti máa ń fa ẹ̀jẹ̀ náà. Ilé àyẹ̀wò kékeré kan wà níbẹ̀. Wọ́n á kó o sínú kúlà oníyìnyín, wọ́n á gbé e fún awakọ̀ ní gáréèjì, yóò gbé e lọ sí ìlú ńlá níbi tí ẹ̀rọ rẹ̀ wà. Èsì rẹ̀ á lọ bá dókítà, dókítà á sì fi í ránṣẹ́ sórí fóònù Dúpẹ́. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fà á, ẹ̀jẹ̀ náà kò dákẹ́. Dúpẹ́ á gbààwẹ̀, á gbàdúrà, á lo oògùn, èsì á dé, á sunkún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan nípa ilé àdúrà wa kí ẹ lè mọ bí ó ṣe rọrùn fún mi láti ṣe ohun tí mo ṣe. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí ara aláìsàn kò bá gba ààwẹ̀, ẹbí rẹ̀ tí ara rẹ̀ le ni yóò bá a gbà á. Yóò wọ aṣọ àdúrà aláìsàn náà. Yóò dùbúlẹ̀ sílẹ̀ àánú, ibi tí a yà sọ́tọ̀ fún àdúrà, dípò rẹ̀. Bí wòlíì bá pe orúkọ aláìsàn, ẹni náà ni yóò dáhùn. Èmi ni ìyá wa yàn fún Dúpẹ́. Ó ní, "Ọma mi, ara rẹ le. Bá a rù ú." Mo rù ú. Wòlíì á pe, "Dúpẹ́!" Èmi á ní, "Mo wà níbí." Ó ti mọ́ mi lára tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi mọ̀ pé orúkọ ẹlòmíì ni mò ń jẹ́.

Ọjọ́ kan ni Dúpẹ́ gun ọ̀kadà wá bá mi ní ẹbu. Ó jókòó sábẹ́ igi, ó ń wò mí bí mo ṣe ń ro epo. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ sí ibi àyẹ̀wò." Mo ní ṣé abẹ́rẹ́ ló ń bà á lẹ́rù. Ó ní rárá.

"Ẹ̀jẹ̀ tèmi ò gbọ́, Àǹtí mi. Ẹ̀jẹ̀ tiyín ti dákẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí yín. Ẹ yá mi."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ṣé ẹ̀jẹ̀ wá di odó tí ènìyàn ń yá ni?"

Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀ ń gbààwẹ̀ fún mi. Ẹ̀yin lebi ń pa, èmi ni wọ́n ń gbàdúrà fún. Ọlọ́run ò bínú. Kí ló wá kù tí ẹ ò lè bá mi ṣe?"

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ó yé yín. Èmi ti bímọ. Àbíkẹ́yìn mi wà lẹ́yìn mi lọ́jọ́ náà, ó ń sunkún, Dúpẹ́ sì nawọ́ gbà á, ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún bí ẹni pé ó ti pẹ́ tó ti ń kọ́ ọ. Mi ò lè wò ó. Mo ní kò burú.

Ní ilé àyẹ̀wò, ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ kò tilẹ̀ wojú mi. Ó pe, "Dúpẹ́!" Mo dáhùn kíá, bí mo ṣe máa ń dáhùn wòlíì. Ó so rọ́bà mọ́ mi lápá, ó fà á, ó tán.

Èsì dé. Ẹ̀jẹ̀ ti dákẹ́. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe ya aṣiwèrè tó: inú mi dùn. Inú mi dùn pé ẹ̀jẹ̀ mi mọ́. Mo ń yan kiri ẹbu bí ẹni tó gba ipò kìíní ní ilé ìwé. Mo bá a lọ lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí oṣù mẹ́fà náà pé, ó tún dákẹ́. Dókítà dín oògùn rẹ̀ kù, ó yí ìyókù padà. Kò pẹ́, Dúpẹ́ lóyún. Ìyá wa jó nínú ilé àdúrà títí gèlè rẹ̀ fi bọ́ sílẹ̀. Ó ní ààwẹ̀ ló fọ ẹ̀jẹ̀ ọmọ òun mọ́. Ohùn tèmi ló ròkè jù nígbà tí gbogbo wọn ṣe àmín.

Nínú oyún náà, wọ́n tún ní kí ó máa wá fa ẹ̀jẹ̀. Mo tún lọ. Lẹ́yìn èyí, Dúpẹ́ wá bá mi ní Ajue pẹ̀lú ẹ̀bùn. Ó gbé fìlà ńlá onírafíà kan wá, irú èyí tó ń ṣíji bo ojú, pẹ̀lú agbòòrùn, àti ìgò oògùn kékeré kan. Ó ní mi ò ní yọ ara mi lẹ́nu mọ́, pé láti ìsinsìnyí lọ dókítà fẹ́ máa fa ẹ̀jẹ̀ òun fúnra rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ti fún mi pọ̀, Àǹtí mi. Fáítámì nìyí. Ẹ máa lò ó ní àràárọ̀, kí ẹ̀jẹ̀ yín lè padà. Ẹ sì má dúró lóòrùn mọ́."

Mo sunkún ayọ̀. Oògùn náà korò bí ewúro tí a kò fọ̀, mo sì ń sọ fún àwọn obìnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ pé ohun tó bá korò báyìí gbọ́dọ̀ lágbára. Dúpẹ́ kò jẹ́ kí ìgò náà gbẹ. Yóò tún pè mí ní àárọ̀: "Àǹtí mi, ṣé ẹ ti lo oògùn yín? Ṣé ẹ dé fìlà?" Àwọn obìnrin ẹbu á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ìyá oníbòji, ẹ bá wa wá irú àbúrò yìí!" Èmi náà á ní okùn ọmọ ìyá yi. Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́.

Dúpẹ́ bí Ìfẹ́, ọmọbìnrin, kékeré ṣùgbọ́n ara rẹ̀ le. Ayọ̀ náà kò pẹ́ rárá. Ẹsẹ̀ Dúpẹ́ wú. Ìtọ̀ rẹ̀ ń hó bí omi ọṣẹ. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní ìlú ńlá, wọ́n ní kíndìnrín rẹ̀ ti ń jìyà. Èmi ni mo gba ọmọ náà pọ̀n. Nínú gbogbo wàhálà yẹn, fáítámì mi tán, mi ò sì béèrè òmíràn. Ta ni yóò máa béèrè fáítámì lọ́wọ́ ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù?

Bí oògùn náà ṣe tán, ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ìka mi kò lè di ajọ̀ tí a fi ń sẹ́ epo mú láàárọ̀. Irun mi ń bá gèlè jáde. Mo ní iṣẹ́ ẹbu ni, mo ní ọjọ́ orí ni. Ọjọ́ kan ni ọ̀kan nínú àwọn obìnrin mi sọ pé, "Ìyá, epo wà lójú yín." Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Kò lọ. Mo tún fọ̀ ọ́. Mo wá wo dígí, mo rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì, mo sì jókòó sílẹ̀, torí mo ti rí ojú náà rí lára ẹlòmíràn.

Nígbà tí mo lọ wo Dúpẹ́, mo bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ara mi. Ó ní kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mi. Nọ́ọ̀sì pe orúkọ mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa fa ẹ̀jẹ̀ yìí lórúkọ tèmi gan-an, mi ò sì tètè dáhùn.

Nígbà tí èsì dé, dókítà pè mí jókòó. Ó ní lúpọ́ọ̀sì ni èmi náà ní, pé ó máa ń rìn nínú ẹbí kan nígbà mìíràn. Ó ní kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. "Bí ẹnikẹ́ni bá ti yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn, màmá, wọn ì bá ti rí i." Ẹnì kan kúkú ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó kọ oògùn fún mi. Mo gbà á ní ilé oògùn wọn, mo bu omi, mo ju ọ̀kan sẹ́nu lójú ẹsẹ̀. Ó korò. Mo tú òmíràn sí àtẹ́lẹwọ́, mo yí i síwá sẹ́yìn. Fáítámì mi ni. Òun náà ni, láìyẹ̀.

Mo jókòó sórí àga gígùn tó wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì tò lẹ́sẹẹsẹ níwájú mi. Ẹ̀jẹ̀ ìkẹyìn tí mo fà lórúkọ Dúpẹ́ kò dákẹ́. Ọ̀dẹ tèmi náà ti kọjú ìbọn sí mi. Èsì náà lọ bá dókítà, dókítà fi ránṣẹ́ sí Dúpẹ́, ó sì fi oògùn kún oògùn rẹ̀. Dúpẹ́ nìkan ló mọ̀ pé kì í ṣe òun ni èsì náà ń bá wí. Ó wá mú oògùn tí dókítà fi kún un, ó yọ ọ́ kúrò nínú páálí rẹ̀, ó dà á sínú ìgò, ó gbé e wá fún ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀. Ó fi fìlà sí i. Ó fi agbòòrùn sí i. Òtítọ́ nìkan ni kò fi sí i.

Ẹ̀hìnkùlé lọ́tá wà, ilé laṣeni ń gbé. Mo ti ń pa òwe yìí fún àwọn ènìyàn láti kékeré, mi ò mọ̀ pé èmi ni yóò bá wí. Ohùn tó ń pè mí láràárọ̀, tó ń bi mí bóyá mo dé fìlà, ó mọ̀. Nígbà tí mò ń fi í yangàn láàrin àwọn obìnrin ẹbu, ó mọ̀. Mo mọ ìdí rẹ̀, ẹ má rò pé mi ò mọ̀ ọ́n. Bí ó bá sọ fún mi, màá lọ bá dókítà. Dókítà á béèrè bí mo ṣe mọ̀. Ọkọ rẹ̀ á gbọ́ pé ẹ̀tàn ni Dúpẹ́ fi ní oyún tí òun ti sọ pé kò tíì yá. Ó gbé èmi lé ìwọ̀n, ó gbé ọmọ inú rẹ̀ lé e, ọmọ náà sì tẹ̀wọ̀n jù mí lọ. Bóyá èmi náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ara mi ló ń jẹ mí.

Ohun kan ṣì wà tí n kò lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀: bóyá oògùn tó ń fún mi kò kọjá èyí tí wọ́n fi kún un, tàbí ó ń bù mọ́ ọn láti inú ìpín tirẹ̀. Bí mo bá rántí èyí, ìbínú mi á dà rú, mi ò sì fẹ́ kí ó dà rú.

Ìbéèrè dókítà wá nìyí. Ó ní ọ̀rọ̀ Dúpẹ́ kò yé òun. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó tún dákẹ́, ó sì bẹ́ lójijì nínú oyún, kò sì tún wá fà á mọ́ títí ó fi bímọ. Ó ní òun gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí iná yìí bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnu àìpẹ́ yìí ni, oògùn tó rọra lè tó. Bí ó bá jẹ́ pé ó ti pẹ́ tó ti ń jó lábẹ́lẹ̀, kò sí àyè fún ìrọra mọ́, oògùn líle ni, èyí tó ṣeé ṣe kó má jẹ́ kí Dúpẹ́ bímọ mìíràn láéláé. Ó ní kí ẹbí péjọ lọ́jọ́ Ajé. Bàbá Ìfẹ́ á wà níbẹ̀. Dúpẹ́ wo ojú òrùlé, ó ní òun kò mọ̀, pé ara òun kàn ṣàdédé yí padà ni.

Irọ́ ni. Iná náà kò kú rí. Ẹ̀jẹ̀ tèmi ni wọ́n ń wò nígbà tí tirẹ̀ ń jó.

Lánàá mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní oògùn rẹ̀ tán nílé oògùn wọn, pé kí ẹbí lọ wá a níta. Mo ṣí báàgì mi. Mo mú ọ̀kan nínú tèmi, mo fi í sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó wò ó. Ó wo báàgì mi. Ó wá wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, fún ìgbà pípẹ́. Ìfẹ́ wà lẹ́yìn mi, ó ń fa gèlè mi.

Dúpẹ́ gbé oògùn náà mì. Ó ní, "Ó korò, Àǹtí mi."

Mo ní, "Mo mọ̀."

Ó yíjú sí ògiri. Mo tún ọ̀já Ìfẹ́ so, mo sì kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti ṣẹ̀. Mo tan dókítà jẹ. Mo tan Bàbá Ìfẹ́ jẹ, ọkùnrin tí kò ṣe wá ní ibi kankan. Mo jẹ́ kí ìyá mi jó lórí irọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Mo mọ̀ pé òtítọ́ gbọ́dọ̀ jáde lọ́jọ́ Ajé, torí kíndìnrín kò mọ ìtìjú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá ń fi ọ̀rọ̀ náà dánra wò nídìí ẹbu, mò ń gbọ́ ohùn ara mi. Kì í ṣe ohùn ẹni tó fẹ́ gba àbúrò rẹ̀ là. Ohùn ẹni tó fẹ́ dójú ti àbúrò náà ni. Ẹnu mi ni yóò ti ilẹ̀kùn ọmọ mọ́ ọn, mo sì ń bẹ̀rù pé apá kan nínú mi yóò dùn sí i.

Ohun tí mo pinnu nìyí. Lọ́jọ́ Ajé, bí dókítà bá pe, "Dúpẹ́!", mi ò ní dáhùn. Màá di ẹnu mi, màá dúró kí ẹni tó ni orúkọ fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́ ẹ, kí ó sì sọ òtítọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbàdúrà kí ó jẹ́ ẹ. Bí kò bá wá jẹ́ ẹ ńkọ́, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, kí ni kí n ṣe?